Máńgòrò ní Yàrá Dádì

Dádì mi,

Ẹ kú àárọ̀, sà. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí èèyàn máa gbé ọ̀rọ̀ pòòyì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: yàrá yín ti di ibi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń sá máńgòrò àti ọ̀pẹ̀yìnbó tí mò ń kó ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ẹ̀rọ tó ń fa omi ara èso kó lè gbẹ wà nígbà ayé yín. Ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó mú ẹ̀là máńgòrò kan, ẹ ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó ní ó kù díẹ̀ kó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí. Ta ló ń tọ́ ọ wò fún mi báyìí? Èmi náà ni, ẹnu mi ò sì mú tó tiyín.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, obìnrin Yorùbá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní London ránṣẹ́ pé òun fẹ́ máa gba ọjà lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn débi pé mo gbé fóònù láti pè yín. Ṣùgbọ́n òjò dé. Ẹ mọ bí àdúgbò Àgùdà wa yìí ṣe ń rí tí òjò bá ti wọlé, ògiri pàápàá ń làágùn. Máńgòrò tí mo ti dì sínú ọ̀rá, tí mo rò pé ó gbẹ, nǹkan funfun bí òwú bò ó. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà nù. Ọkùnrin tí ìjọba rán wá yẹ ibi iṣẹ́ wò náà ní òun ò lè fọwọ́ sí ọjà tó ń ti ẹ̀yìn ìdáná jáde.

"Àǹtí, ẹ wá yàrá tó ṣeé tì, tí eṣinṣin ò lè wọ̀. Ẹ ò ní yàrá ni?"

Yàrá kan ṣoṣo ló wà bẹ́ẹ̀ nílé yìí, Dádì.

Mo lọ bá Bọ̀dá Kúnlé nílé wọn ní Yaba. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Yàrá Dádì kẹ̀? Kí n máa wọlé bàbá mi, kí n máa bá èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó níbi tí wọ́n ń sùn sí?"

"Bọ̀dá mi, ẹ ṣáà gbọ́."

"Mi ò gbọ́. Wá ibòmíì."

Mo wá ibòmíì. Èyí tí mo rí ní Mushin, ìdí àwọn tó ń kun mọ́tò ló wà, òórùn ọ̀dà ti wọnú ògiri rẹ̀. Obìnrin London sì ti ń sọ pé bóyá kí òun lọ bá àwọn ará Ghana. Síbẹ̀, mi ò tún bá Bọ̀dá sọ ọ́ mọ́. Mo mọ̀ pé látìgbà tí a ti sin yín, wọn ò tíì wọ yàrá yẹn. Tí wọ́n bá wá kí mi, pálọ̀ ni wọ́n ń mọ. Ṣé ẹ̀ ń rí wọn? Ọkùnrin ńlá yẹn ò lè kọjá níwájú ilẹ̀kùn yín láì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní Sátidé kan ni wọ́n dé, wọn ò pè kí wọ́n tó wá, sípánà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì yín. Mo dúró síta. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sun ún tán.

"Wá bá mi dì í mú níbí, kó má ṣubú lù mí."

"Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mò ń tú bẹ́ẹ̀dì ni. Ilé mi ló ń lọ, orí ẹ̀ ni màá máa sùn." Wọ́n nu ojú. "Ilẹ̀kùn tá a tì pa yìí, kò dá Dádì padà fún wa."

A tẹ́ táìlì sílẹ̀, a ta nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé, a gbé ẹ̀rọ wọlé. Ọkùnrin ìjọba padà wá, ó fi ìka nu ògiri, ó wo ìka náà, ó rẹ́rìn-ín. Ọjà ti fò lọ. Obìnrin London ní kò ṣẹ́ kù rárá, òun fẹ́ sí i, pàápàá ọ̀pẹ̀yìnbó. Bọ̀dá sì ní látìgbà tí bẹ́ẹ̀dì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn ti ń rí oorun sùn.

Ṣé inú ń bí yín sí wa, Dádì? Àbí ẹ̀ ń fi wá rẹ́rìn-ín?

Gbogbo ọjọ́ ayé yín, kò sí ọmọ tó wọ yàrá yẹn láì kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn tí ẹ lọ pàápàá, mo ṣì ń kàn án, màá dúró díẹ̀ kí n tó wọlé. Láàárọ̀ yìí, àtẹ máńgòrò wà lọ́wọ́ mi méjèèjì. Mo fi ìgúnpá ti ilẹ̀kùn, mo wọlé. Àárín yàrá ni mo dé kí n tó rántí pé mi ò kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ mi ò ṣófo ni.

Èmi tí mo fẹ́ràn yín jù,
Àbíkẹ́yìn yín