Ife Àkọ́kọ́, Ti Ilẹ̀ Ni

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ tó lọ tí kò tíì dé. Mo kí Bàbá Àgbà tó ń ṣe olórí ilé wa ní Pobè, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí tọmọdé tàgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà. Inú yàrá ni mo ti dọ̀bálẹ̀ o, torí bí mo bá ṣe é níta, yìnyín ni n ó fi àyà gbá.

Sàfú, àbúrò mi, ìwọ ni mo mọ̀ pé yóò ka lẹ́tà yìí sí Ìyá létí, nítorí ìwọ nìkan lo mọ̀wé nínú ilé. Ibì kan ń bọ̀ tí ohùn rẹ yóò fẹ́ há. Má dúró. Kà á dé òpin.

Ìyá, ẹ béèrè pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe nílé ọtí àwọn òyìnbó. Ẹ rántí òyìnbó onírùngbọ̀n pupa tó wá wo oko ọ̀pẹ ìjọba ní Pobè, tó bá mi nídìí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí mò ń gbẹ́ fún àwọn ará Sakété. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ilé tí wọ́n ti ń pọn wisikí yìí, ní ìlú olókè kan tí wọ́n ń pè ní Skọ́tílándì. Lọ́dọọdún wọ́n máa ń pe oníṣẹ́ ọnà kan kó wá bá wọn gbé fún oṣù mẹ́fà. Wọn á fún un ní yàrá, oúnjẹ àti owó díẹ̀, kó máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láàárín wọn, kó sì fi ohun kan sílẹ̀ fún wọn bó bá ń lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní òyìnbó wo ló máa ń bọ́ ọkùnrin lásán. Ìyá, wọ́n ń bọ́ mi o. Ànàmọ́ òyìnbó ni láàárọ̀, òun náà ni lálẹ́.

Igi àgbá ọtí tó ti gbó ni wọ́n fún mi gbẹ́. Ó le, ó sì dúdú nínú torí iná tí wọ́n fi yan án. Mo ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Òtútù ibí ń wọ eegun. Èèyàn á kọjá lára mi, kò ní kí mi, èmi náà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó nǹkan. Ìyàwó ọ̀gá tó gbọ́ Faransé ló ń báni túmọ̀. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìkan ni, ilẹ̀ á ti ṣú pátápátá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ló ń dà mí láàmú. Òórùn ilé yìí ni. Ìyá, òórùn àgọ́ Bàbá ni! Bí mo bá ti wọ ibi tí ìkòkò bàbà ńlá tí wọ́n fi ń pọn ọtí wà, ó dà bíi pé mo tún wà nínú oko ọ̀pẹ wa, tí Bàbá ń pọn sọ́dábì, ògógóró wa, ní kọ̀rọ̀, kí ọlọ́pàá Faransé má baà mú un. Mo máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo ti yíjú wò títí ọrùn ń dùn mí. Àwọn ará ibí ní ọtí máa ń dín nínú àgbá lọ́dọọdún, pé àwọn áńgẹ́lì ló ń mu ún. Wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Èmi kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin náà mọ òfin Bàbá. Bí ọtí bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán lẹ́nu páìpù, ife àkọ́kọ́, ti ilẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Àwọn tó kọ́ Bàbá níṣẹ́ ló bá a lọ́wọ́ wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dúró ti Áńgọ́ọ̀sì, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ìkòkò wọn. Bí ọtí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kán, mo na ife sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ Bàbá ní ife yẹn, mo fẹ́ ta á sílẹ̀ fún un. Áńgọ́ọ̀sì rò pé mo fẹ́ mu ún ni. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ife fọ́. Ìyàwó ọ̀gá sáré wá túmọ̀ ohun tó ń sọ. Ó ní èyí tó bá kọ́kọ́ kán, àwọn kì í mu ún, ọ̀tọ̀ ni àwọn ń dà á sí, torí májèlé wà nínú rẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá mu ún púpọ̀, ojú ló kọ́kọ́ ń pa.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àfọ́kù ife.

Ìyá, ẹ dákun, ẹ jókòó kí ẹ tó gbọ́ èyí. Ní ọdún tí Bàbá kú, èmi ni mò ń dáná ọtí nítorí ìrora ẹ̀yìn rẹ̀. N kò da ife àkọ́kọ́ sílẹ̀. Mo ní àwọn fàdá ní ilé ìwé sọ pé ìbọ̀rìṣà ni. Mo fi ìyẹn bojú ni. Ọ̀bẹ ìgbẹ́nà ni mo fẹ́ rà. Ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ni mo ń gba ife ilẹ̀ pa mọ́ sínú ìgò. Mo ta ìgò kìíní fún ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ sí ẹnu ibodè, mo fi ra ọ̀bẹ náà. N kò rí ọkùnrin náà mọ́ títí dòní. Ìgò kejì, mo tọ́jú rẹ̀ sẹ́yìn àpótí Bàbá. Ìrora mú Bàbá, ó rí ìgò, ó rò pé ọtí gidi ni. Ó mu ún tán.

Ẹ rántí ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, oòrùn kún inú ilé, Bàbá ń fọwọ́ wá ògiri. Ó ní, "Ta ló ti ilẹ̀kùn? Ẹ ṣí i, ilé ṣókùnkùn." Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ níbí, bí agogo mẹ́rin bá ti lù, mo máa ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹta ló kú. Àwọn èèyàn ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìyá Kékeré, orogún yín, ni oúnjẹ kàn lọ́jọ́ náà. Ọbẹ̀ rẹ̀ ni Bàbá fi jẹun gbẹ̀yìn. Ìyá, ẹ̀yin lẹ gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ jáde tí ẹ fi là mọ́lẹ̀ níwájú ilé, tí gbogbo àdúgbò ń pè é ní apọkọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ọlọ́run rí mi." Àwọn ará ilé rẹ̀ ní Sakété, àwọn Mùsùlùmí tí kò fẹ́ kó fẹ́ ọlọ́tí tẹ́lẹ̀, kò gbà á. Ìdí nìyẹn tó fi ń dá gbé l'Aguidi, tó ń dá oko ẹ̀gẹ́. Ẹ sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, torí a kì í fi ọmọ ilé fún apọkọ. Sàfú, ìwọ ni ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́ nígbà náà.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìkòkò fọ́. Mo ti rí ìgò tó ṣófo lábẹ́ ibùsùn Bàbá. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti sọ ọ́ sígbó. N kò mọ̀ dájú nígbà náà, ṣùgbọ́n mo fura, mo sì dákẹ́. Ẹ̀rù lílù ló kọ́kọ́ bà mí. Nígbà tó yá, ìtìjú ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọdún kẹjọ rèé, ó ti bá mi nílùú àjèjì.

Ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti sọ Ìyá Kékeré lórúkọ yẹn, ojú gbogbo ayé ni mo fẹ́ gbà á kúrò lórí rẹ̀. Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan l'Àjàṣẹ́. Owó tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, ẹ má fi kan páánù mọ́. Ẹ ra ìkòkò ọbẹ̀ tuntun, ẹ wọ mọ́tò lọ sí Aguidi, ẹ kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni ìyálé. Ẹ kúnlẹ̀ náà, nítorí tèmi. Bó bá kọ̀ láti padà, ẹ má bínú sí i. Ẹ fi ìkòkò sílẹ̀ fún un.

Igi tí mo gbẹ́ ti parí: obìnrin tó ru ìkòkò, ìkòkò náà kò sán. Ojú Ìyá Kékeré ló ní. Wọ́n ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo ti fi aṣọ di ọ̀bẹ náà. N ó gbé e wálé lẹ́ẹ̀rùn, n ó fi lé yín lọ́wọ́, kí ẹ sì ṣe mí bó bá ṣe tọ́ lójú yín.

Kí Ọlọ́run má fi àṣìṣe mi bá ilé náà jà. Kí ojú yín má ṣú lọ́sàn-án. Ẹ kí Bàbá Àgbà, ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi l'ọ́jà Pobè. Ẹ sì bá mi kí Ìyá Kékeré. Ọdún mẹ́jọ ni n kò fi dárúkọ rẹ̀ nínú ìkíni.

Sàfú, o ṣeun. Fún Ìyá ní omi mu. Lẹ́yìn náà, lọ di ẹrù rẹ. O ń bá wọn lọ sí Aguidi, lọ bá ìyá rẹ.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní.