Ihò Méjì Tó Wà Lára Òfì Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé ẹjọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo fura sí àbúrò yín, Bàbá Kékeré. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti fi àgádágodo ti ulé òfì, bí ẹ ṣe máa ń pè é, tí mo sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Bàbá Kékeré mọ̀ dáadáa pé àwọn ni mo tì í mọ́.

Iṣẹ́ tíṣà tí mo ń ṣe ní Ìkọ̀lé ti bọ́, mo sì ti padà sí Ìtàjí. Òfì yín ni mo fi ń jẹun báyìí. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n aṣọ tí kò ní ọnà kò tà mọ́. Ọnà ni àwọn tó ń wá láti yunifásítì Ọ̀yẹ́ ń béèrè, Bàbá Kékeré nìkan ló sì ń hun irú rẹ̀ ládùúgbò wa. Òfì tiwọn ní omú mẹ́rin tó ń gbé òwú sókè sódò, tiyín ní méjì péré. Mo ní kí n fi méjì kún un, kí n lu ihò tuntun sára òpó rẹ̀ fún igi tí ìtẹ̀sẹ̀ wọn máa so mọ́. Bàbá Kékeré ní kí n má fọwọ́ kàn án. Wọn ò sọ ìdí.

Ibi tí mo ti ń nu òpó náà ni mo ti rí i. Ihò kan wà níhìn-ín, ìkejì lọ́hùn-ún, a fi igi dí wọn, a sì fi epo pa wọ́n kí ojú má baà rí wọn. Ta ló ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́? Mo bi Bàbá Kékeré, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ẹ̀gẹ́ lóko. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan! Mo wá rántí pé ní ọjọ́ kejì tí a sin yín, àwọn ló kọ́kọ́ wọ ulé òfì. Mo gbà pé omú mẹ́rin ni òfì yín ní rí, pé àwọn ló kó méjì lọ.

Lánàá, mo yọ igi tó dí ihò náà. Mo ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, mo so ìtẹ̀sẹ̀ kọ́, mo jókòó sórí àpótí yín. Orúnkún mi méjèèjì gbá igi iwájú gbàà. Mo sún sẹ́yìn, ó tún gbá a. Ihò náà ti ga jù: ẹsẹ̀ ọmọdé ló bá mu, kò sí àgbàlagbà tó lè hun aṣọ níbẹ̀.

Ẹ rántí òwú tí ẹ fi wọn ẹsẹ̀ mi nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin? Láti orúnkún dé gìgísẹ̀, ẹ ta á ní kókó, ẹ fi í sápò, bí ẹ ṣe ń fi òwú wọn gbogbo nǹkan. Mo rò pé bàtà ni. Mo retí bàtà náà títí di Kérésì, kò dé. Inú rẹ̀ ló bí mi tí mo fi sọ lójú àwọn oníbàárà yín pé èmi ò ní hun aṣọ láéláé.

Ṣé ọjọ́ yẹn ni ẹ dí i, bàbá mi? Ṣé ẹ ní kí Bàbá Kékeré má sọ fún mi ni? Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?

Mo ti ṣí àgádágodo náà kúrò. Láàárọ̀ yìí mo gbé iṣu lọ kí Bàbá Kékeré, mo sì kúnlẹ̀ pẹ́. Àwọn fúnra wọn ló bá mi lu ihò tèmi sí ìsàlẹ̀. Mo ní kí wọ́n má dí ti òkè.

Ó dùn mí gan-an, bàbá mi. Bàtà ni mo ń wò lọ́nà, ẹ sì ti ṣe àyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó nífẹ̀ẹ́ yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn jù.