Ibi Tí Àgbà Ń Rè

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Agége. Mo kí Bàbá lórí ibùsùn wọn, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Fọlákẹ́ tó ń bá yín tọ́jú wọn. Òjò ò dá níbí, ẹrọ̀fọ̀ ti ba bàtà mi jẹ́, àmọ́ iṣẹ́ ń lọ ní iléeṣẹ́ bisikíìtì wa ní Àgídìngbì. Àárò yín nìkan ló ń sọ mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pe Bàbá Ráṣídì láti Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ pé bàbá tó bí wọn ti jáde láyé. Èmi àti wọn la jọ ń di bisikíìtì sínú páálí. Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹ̀yìn ìrun Àsárì ọjọ́ náà gan-an ni ìsìnkú. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, wọ́n bá ní kí alábòójútó wa bá àwọn tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ní kó sọ pé bàbá àwọn ti re ibi àgbà ń rè. Bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ní ṣé ìpàdé ni wọ́n lọ, kí Bàbá Ráṣídì ṣáà parí iṣẹ́, kí wọ́n lọ kí bàbá wọn lópin ọ̀sẹ̀. Alábòójútó ń wolẹ̀. Ta ni yóò dúró níwájú ọlọ́fọ̀, kó la ikú mọ́ ọn lójú?

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, inú bí mi. Mo wọ ọ́fíìsì láìkan ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ẹ ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀, Màmá, ṣùgbọ́n oòrùn ń lọ. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá ọkùnrin yìí kú, òní ni wọ́n ń sin ín. Ọ̀gá dìde, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní kí dírẹ́bà gbé wọn lọ sí gáréèjì kíá. Bàbá Ráṣídì tó ti ń ṣe ọkàn akin láti àárọ̀ mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan yẹn tó túmọ̀ sí ikú. Wọ́n bú sẹ́kún. Nígbà tí wọ́n padà dé, mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní ẹnu mi ló gbé àwọn bá ìsìnkú.

Màmá, ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé Bàbá ń sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní wọ́n ń sinmi. Mo fi lẹ́tà yìí síta kí gbogbo ayé lè kà á, torí èmi nìkan kọ́ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Yorùbá lèmi àtẹ̀yin jọ ń gbọ́, kò sí òyìnbó láàárín wa. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo ti gbàyè, ọjọ́ Ẹtì ni mò ń bọ̀. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó fún gbogbo ará ilé lálàáfíà. Ẹ bá mi kí wọn, kẹ́ ẹ sì sọ sí Bàbá létí pé kí wọ́n dúró dè mí.

Èmi ni, Bùkọ́lá, ọmọ yín.