Orúkọ Tí Mo Kọ Sókè Ìwé Ìjọ Tuntun

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú àìgbúròó mi. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀, mo kí ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ó bá wọn ka lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ síta ni, nítorí ìta gbangba ni ìròyìn ti bá yín pé ẹ̀gbọ́n yín, Alhaji, ti di onígbàgbọ́ ní Abidjan. Irọ́ ni. Èmi ni mo fà á.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Alhaji ni mò ń gbé ní Adjamé láti ìgbà tí mo ti dé. Iṣẹ́ káfíńtà ń lọ díẹ̀díẹ̀, àfi òjò ibí tí kì í jẹ́ kí pákó gbẹ. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń nira fún mi jù. Faransé ni wọ́n fi ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí, n óò kàn jókòó bí ère. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí Pásítọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ dé láti Ṣakí, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dá ìjọ sílẹ̀ ní àdúgbò wa.

Wọn ò kọ́kọ́ wàásù. Ṣọ́bìrì ni wọ́n gbé. Gọ́tà wa tó ti dí, àwọn méjèèjì wọ inú rẹ̀ tàwọn ti bàtà róbà, wọ́n ń kó ẹrẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ẹja bi mí pé ṣé ẹjọ́ ni wọ́n jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú dókítà ojú wá, ó ń yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń fún èèyàn ní awò. Màmá Pásítọ̀ fún mi ní kaye kan, bí wọ́n ṣe ń pe ìwé tí ọmọ ilé ìwé fi ń kọ iṣẹ́ níhìn-ín. Ó ní kí n kọ orúkọ ẹni tó bá fẹ́ máa bá wọn jọ́sìn.

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n tèmi ni mo ṣe. Mo rántí ìgbà tí àwọn alábẹ́rẹ́ wá sí abúlé wa, tí ẹni tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ kò rí nǹkan gbà. Mo bá kọ gbogbo ẹni tó tò, ní agboolé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ilé wa, Rísíkátù, ọmọ Alhaji, ló wá yẹ ojú wò. Alhaji fúnra wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọmọ kí n má kọ bàbá ṣáájú? Mo padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, mo há orúkọ wọn sí òkè pátápátá, torí kò sí ẹni tí wọn ò dàgbà jù níbẹ̀.

Ní Ìsinmi àkọ́kọ́, Pásítọ̀ ṣí kaye náà, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ń dúpẹ́ lórí àwọn ọkàn tí Ọlọ́run fún un. Orúkọ Alhaji ló kọ́kọ́ pè. Màámi, ó dà bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù sí mi lára. Kí n tó dìde, ó ti pe orúkọ kejì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn àna Alhaji ní àdúgbò Treichville, tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ Rísíkátù, ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá yìgì Rísíkátù dúró ná. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù.

Alhaji bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ṣé èmi ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n bá jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Rísíkátù ń gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ láìwo ojú mi. Ìyẹn dùn mí ju ìgbátí lọ. Mo lọ bá Pásítọ̀, mo sọ ọ́ fún un láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé irọ́ ni ìwé rẹ̀ ń pa, ọwọ́ mi ló sì kọ ọ́. Mo rò pé yóò ní kí n panu mọ́ ni. Ó di orí mú, ó ní òun rí "Alhaji" yẹn lóòótọ́, òun rò pé iṣẹ́ ìyanu ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Pásítọ̀ bá èmi àti Alhaji lọ sí Treichville. Níwájú àwọn àgbà tó jókòó sórí ẹní, odindi pásítọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní òun lòun jẹ̀bi. Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Mo ní èmi ni mo kọ ọ́. Bàbá ọkọ ìyàwó, tí kì í rẹ́rìn-ín, bi mí pé kí ló dé tí mo kọ orúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo ní nílé wa, a kì í kọ ọmọ ṣáájú bàbá.

Bàbá náà yíjú sí Alhaji.

"Ta ló kọ́ olóríkunkun yìí?"

"Àbúrò mi obìnrin ni," ni Alhaji dáhùn. "Òun náà kì í gbọ́."

Ẹ̀rín sọ. Mi ò mọ̀ pé eyín wà lẹ́nu bàbá yẹn. Wọ́n ní yìgì yóò wáyé ní ọjọ́ tí a dá tẹ́lẹ̀. Ní Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Pásítọ̀ tọrọ àforíjì níta gbangba, ó tún orúkọ kà, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ jọ́sìn lóòótọ́ dáhùn. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ, mẹ́rin péré ló kù. Mo rò pé Pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ yóò palẹ̀ mọ́ ni, àfi bí wọ́n ṣe dá orin.

Màámi, ẹ bá mi ka èyí sétí gbogbo ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, Bàbá yóò dìde nílẹ̀ àìsàn, ojú wa yóò rí ara wa láyọ̀. Ẹ kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ọmọ yín tí ẹ kọ́,
Gbádébọ̀