Màmá Tíṣà, Ẹni Tó Kọ́ Ọmọ Kọ̀ọ̀kan Bí Etí Rẹ̀ Ti Ń Gbọ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lọ́dún 1952 ni a bí Màmá wa sínú ìdílé télọ̀ àti agbẹ̀bí. Aláròjinlẹ̀ ni wọ́n láti kékeré. Bàbá wọn a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé béèyàn bá pè wọ́n láàárọ̀, ọ̀sán ni wọn yóò jẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún 1958. Ọdún méjì gbáko ni lẹ́tà ń sá kiri níwájú wọn bí èèrà, tíṣà wọn sì ní olódo ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló jókòó tì wọ́n, tó ń ka ìwé sí wọn létí díẹ̀díẹ̀, títí lẹ́tà fi dúró jẹ́ẹ́.

Lọ́dún 1975 ni wọ́n di olùkọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá Bàbá wa, tó ń tún rédíò ṣe, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá ní àwọn ò gbọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún kejì ni wọ́n ṣègbéyàwó. Látìgbà náà ni Màmá ti ń ka ẹ̀kọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń dà láàmú.

Lọ́dún 2011, ó ku ọdún kan kí wọ́n fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì méjìlá, tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń gba ohùn sílẹ̀, wọ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀kọ́ nípa odò ni Màmá ń fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ: àwọn kan ń gbọ́ ọ, àwọn kan ń wo àwòrán tó ń rìn, àwọn tó yára ti ń dáhùn ìbéèrè tó le jù. Ọmọbìnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ní kíláàsì ń kàwé sínú tirẹ̀, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kà, láìsí ẹni tó fi í rẹ́rìn-ín.

Olùbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ dé, inú bí i. Ó ní eré ni wọ́n ń ṣe, òun yóò kó àwọn ẹ̀rọ náà lọ. Ó bi Màmá pé, "Ẹ̀kọ́ mélòó lẹ ń kọ́ nínú kíláàsì kan ṣoṣo?"

"Ẹ̀kọ́ kan náà ni, ọ̀gá. Ọ̀nà tó ń gbà wọlé ló pọ̀."

Màmá ní kí ọmọbìnrin náà yá a ní tirẹ̀. Ọ̀gá jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ohùn kékeré ọmọbìnrin náà ń ròyìn odò sí i létí látinú ẹ̀rọ. Nígbà tó parí, kò dìde.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rọ kankan ò kúrò níbẹ̀. Kí ọdún tó parí, ọmọbìnrin náà dìde, ó kàwé sókè lójú gbogbo kíláàsì. Màmá sunkún, wọn ò sì fi pamọ́.

Ní ilé àdúrà, ogún ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn àgbàlagbà níwèé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ń kàwé fún wọn. Ó kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, ó wojú wọn kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ti lọ. Ó rò pé oorun ni. Ó rọra ka ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó sì kà á dópin.

Wọ́n fi Bàbá wa sáyé lọ, àti ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ò lè kà tán.

Ẹ sùn un re, Màmá. Kí ọ̀nà yín tutù, kí ilé tí ẹ fi sílẹ̀ má tú.