Èékánná Àtàǹpàkò Bàbá Ẹlẹ́ja-Igi

Ní ọdún 1941 ni a bí bàbá wa, tí gbogbo ẹsẹ̀ odò mọ̀ sí Bàbá Ẹlẹ́ja-Igi, nínú ilé onípákó kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi. Apẹja ni bàbá wọn, ìyá wọn a sì máa tún àwọ̀n ṣe. Ọmọ mẹ́rin ni òbí wọn bí, Bàbá nìkan ló yè.

Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà. Ní 1955, wọ́n wọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ káfíńtà kan, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àgékù igi gbẹ́ ẹja kéékèèké tí àwọn apẹja fi ń tan ẹja ńlá. Ẹja igi yìí ní ètè páànù, ìwọ̀ lábẹ́ ikùn, àti òrùka wáyà tí apẹja ń so okùn mọ́. Òrùka náà ni ẹ̀mí rẹ̀. Bó bá bọ́ sí àyè rẹ̀, ẹja igi á máa jùrù bí ohun alààyè. Bó bá fi díẹ̀ yẹ̀, á dojú dé. Bàbá kì í lo rúlà. Èékánná àtàǹpàkò òsì wọn ni wọ́n fi ń wọn àlàfo láti ètè dé òrùka.

Ní 1966, wọ́n gbé ìyá wa, aránṣọ, níyàwó. Ìyá ṣáájú wọn lọ ní 1999. Nínú ìjọ, Bàbá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó bá pẹ́ dé mọ irú ojú tí yóò bá pàdé. Èèyàn méjì ni wọ́n fà yọ nínú odò, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́.

Ohun tó kàn yìí, Bàbá fúnra wọn ló ní kí ìdílé má ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Ní 1988, òòlù fọ́ àtàǹpàkò náà. Èékánná tó hù padà kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i. Ẹja igi bẹ̀rẹ̀ sí í dojú dé, àwọn oníbàárà sì ń dá wọn padà. Ọmọkùnrin wọn, tó ń gé ètè páànù, ni ẹ̀bi já lé lórí. Ó ní kí wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bàbá bi í lójú gbogbo èèyàn pé ta ló kọ́ ta níṣẹ́, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́, kó gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọmọ náà lọ lóòótọ́. Bàbá wa le, wọ́n le jù.

Ní 2017, àkọ́bí wọn obìnrin rí ògbólógbòó ẹja igi kan, tí Bàbá gbẹ́ kí òòlù tó fọ́ àtàǹpàkò wọn, nínú àpótí ìránṣọ ìyá wa. Bàbá gbé èékánná lé e. Kò dé òrùka. Wọ́n tún un gbé, kò dé e. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n sọ pé ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan, pé ọwọ́ àwọn ni. A pè é lórí fóònù. Ó ní òun ti gbọ́, òun á wá bí iṣẹ́ bá dilẹ̀. Bàbá gbẹ́ ẹja kan dè é, wọn ò fi òrùka sí i, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi kọjú sí ilẹ̀kùn lórí ibùsùn àìsàn. Iṣẹ́ kò tètè dilẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, 2018, Bàbá dákẹ́.

Ọmọ náà dé ní ọjọ́ kẹta. Ó mú rúlà wá. Kó tó lò ó, ó gbé èékánná tirẹ̀ lé ògbólógbòó ẹja náà: ó dé òrùka gẹ́lẹ́. Pẹ̀lú ẹkún ló fi òrùka sí ẹja tí Bàbá gbẹ́ dè é.

Bàbá fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: obìnrin tó tọ́jú wọn, ọkùnrin tó padà wá, àti àbíkẹ́yìn wọn, awakọ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje, tí mẹ́ta nínú wọn kò fojú kan Bàbá rí.

Bàbá, òrùka náà ti wà láyè rẹ̀. Ẹ sinmi ọwọ́ yín. Ẹ sùn re o.