Ta Ni Yóò Máa Fọ Aṣọ Ọ̀run?

Màmá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara mi yá gágá, ẹ má fòyà rárá.

Ẹ mọ̀ pé aṣọ ibùsùn funfun la máa ń fọ̀, tí a sì máa ń lọ̀, níbi iṣẹ́ wa. Mo sọ fún Ìyá Ọṣẹ, ẹnìkejì mi níbẹ̀, pé ẹ ní ẹni tó bá fara dà á dópin yóò wọ aṣọ funfun lọ́run. Mo ní, "Ta ni yóò wá máa fọ̀ ọ́?"

Ó ní, "Kì í ṣe àwa o! Àwa ti fọ tiwa."

A rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀rọ ìlọṣọ tó ń dà wá láàmú, wọ́n ti tún un ṣe lẹ́yìn ìjàǹbá tèmi. Wọ́n ní kí n sinmi nílé. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Yàrá ò gbà mí.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Màmá, òun ni mo fi ń júwe ilé Bàbá wa ọ̀run báyìí, torí òun ló kù. Ọ̀nà ibẹ̀ ò ṣáà tíì dàrú mọ́ mi lójú.

Ẹ bá mi kí Bàbá dáadáa. Tí ẹ bá ń ka ìwé yìí fún un, ẹ fo ibi ọwọ́ yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kó rí ìwé náà fúnra rẹ̀; ó mọ bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe rí tẹ́lẹ̀.